Àdéhùn Kejì: Ibi Tí Iṣẹ́ Wide Receiver Ti Ń Di Owó

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi mí nípa ọmọ wọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni pé, "Kóòṣì, ṣé ó ń sáré tó?" Àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tó ń gbá ipò wide receiver, ìyẹn ẹni tó ń sáré lọ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù, ni mò ń kọ́, ní Maryland níbí, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti pọ̀ jọjọ. Mo mọ ohun tó fa ìbéèrè náà. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ NFL, lígì tó ga jù nínú eré náà, máa ń kó àwọn ọmọ tó fẹ́ wọṣẹ́ jọ sí ìlú Indianapolis, wọ́n á ní kí wọ́n sá eré 40 yáàdì, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e káàkiri. Xavier Worthy sá tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 4.21 lọ́dún 2024, kò sì sẹ́ni tó ti sá a yá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹni tí Worthy gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni John Ross, tó sá 4.22 lọ́dún 2017. Eré yẹn pa Cincinnati Bengals bí ọtí, wọ́n mú Ross ní ipò kẹsàn-án nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń pín àwọn ọmọ tuntun láàárín ara wọn. Kò sí sáà kan ṣoṣo tí yáàdì rẹ̀, ìyẹn ibi tí bọ́ọ̀lù tó hán gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ síwájú dé, pé ẹgbẹ̀rún.

Ẹ wá wo Jerry Rice. Mississippi Valley State ló ti wá, yunifásítì kékeré tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kò lè nawọ́ sí lórí máàpù. Wọ́n ní kò sáré tó. San Francisco 49ers mú un ní ipò 16 lọ́dún 1985, ó gbá sáà 20, ó sì kó yáàdì 22,895 jọ. Larry Fitzgerald tó tẹ̀lé e ní 17,492. Àlàfo tó wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì yìí ju ohun tí ọ̀pọ̀ wide receiver ń kó jọ láti ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà dáadáa: ẹni mọ́kànlá ló máa ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́rin ni ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti fi sún un síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n á tún rí mẹ́rin mìíràn gbà. Quarterback ló ń ju bọ́ọ̀lù. Wide receiver á dúró ní ìhà etí pápá, cornerback ẹgbẹ́ kejì á dúró níwájú rẹ̀ láti dí i lọ́nà. Láàárín yáàdì márùn-ún àkọ́kọ́, òfin NFL gbà kí cornerback fọwọ́ tì í láyà kó sì dà á láàmú. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbọ́wọ́ rẹ̀ kúrò.

Ohun tí kì í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ni pé bọ́ọ̀lù sábà máa ń kúrò lọ́wọ́ quarterback kí wide receiver tó yíjú padà. Ibi tó ṣófo ló ń jù ú sí. Ó gbà gbọ́ pé ẹni tó sọ pé òun máa dé yáàdì 12 kí òun tó yà sínú máa dé yáàdì 12 lóòótọ́. Bí onítọ̀hún bá yà ní 11, ọwọ́ ọ̀tá ni bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí, orí quarterback sì ni ará ìlú máa da ẹ̀bi lé. Quarterback kì í gbàgbé irú ẹ̀ báyìí. Kò ní bá a jà, kò sì ní bú u. Yóò kàn máa wo ìhà kejì pápá nígbà tó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, bí ọmọkùnrin náà bá sì fi máa mọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá.

Ibi tí Rice ti ju àwọn yòókù lọ nìyí. Bí ẹ bá wo fọ́nrán rẹ̀, gbogbo eré rẹ̀ jọra ní ìbẹ̀rẹ̀, yálà ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, sósì, tàbí kó máa lọ tààrà. Ọ̀ta ayò gidi kì í jẹ́ kí ojú òun wo ilé tó fẹ́ kó; bẹ́ẹ̀ ni wide receiver tó mọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ìbàdí àti ejìká òun tú àṣírí. Ọmọ tó bá ń sáré burúkú ṣùgbọ́n tó ń dẹ ẹsẹ̀ kó tó yà ti sọ fún cornerback ibi tó ń lọ. Mo lè kọ́ ọmọ tí kò sáré púpọ̀ ní èyí láàárín ọdún méjì. Eré sísá ni n kò lè fún ẹnikẹ́ni.

Ti ọwọ́ kò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tí kò lè hán bọ́ọ̀lù kò níṣẹ́ ṣe níbí. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ju bọ́ọ̀lù, àwọn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe kì í fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò. Ti ẹsẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tuntun. Ní yunifásítì, bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ inú pápá, wọ́n á ka bọ́ọ̀lù tó hán sí i. NFL ń béèrè ẹsẹ̀ méjèèjì.

Wàyí o, owó. Ibí ni ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìròyìn ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ẹgbẹ́ 32 ló wà ní NFL. Wọ́n máa ń kó bí ẹni 90 jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti fi dánra wò, nígbà tí oṣù Ògún bá ń parí lọ, wọ́n á dín wọn kù sí 53. Nínú àwọn 53 wọ̀nyí, wide receiver sábà máa ń jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ fi mẹ́fà lọ́nà 32: àga tó wà kò tó 200 ní gbogbo ayé. Àwọn mìíràn ń bẹ tí ẹgbẹ́ ń san owó ọ̀sẹ̀ fún láti máa bá wọn dánra wò, a máa ń pe àwọn yẹn ní practice squad, ṣùgbọ́n wọ́n lè lé wọn lọ́jọ́ Tuesday èyíkéyìí.

Oṣù Igbe ni wọ́n ń pín àwọn ọmọ tuntun, ìpele méje ni ìpín náà, ẹni tí kò bá sì tíì tó ọdún mẹ́ta tó ti jáde girama kò lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá mú máa fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́rin. Láti ọdún 2011, ipò tí wọ́n ti mú ọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn iye tí o máa gbà. Ejẹ́ńtì kò rí nǹkan púpọ̀ ná níbẹ̀. O kò sì lè ní kí wọ́n tún un ṣe títí sáà kẹta á fi parí. Ipò 177 ni Los Angeles Rams ti mú Puka Nacua lọ́dún 2023. Sáà àkọ́kọ́ náà ló kó yáàdì 1,486 jọ, kò sí ọmọ tuntun tó kó tó bẹ́ẹ̀ jọ rí ṣáájú rẹ̀. Bíi mílíọ̀nù 4 dọ́là ló wà nínú ìwé rẹ̀ fún gbogbo ọdún mẹ́rin. Ó hán bọ́ọ̀lù bí ọba, wọ́n san owó ìránṣẹ́ fún un.

Àdéhùn kejì ni ayé ti ń yí padà. Minnesota Vikings mú Justin Jefferson ní ipò 22 lọ́dún 2020, ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 13. Ní oṣù Òkúdù 2024, wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 140 fún ọdún mẹ́rin mìíràn. Ja'Marr Chase ti Bengals gba mílíọ̀nù 161 ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, lẹ́yìn sáà tó ti hán bọ́ọ̀lù 127, tó ní yáàdì 1,708, tó sì gba touchdown 17 (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá ẹgbẹ́ kejì), tó ṣíwájú gbogbo lígì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀lé Arsenal àti Chelsea, ẹ má fi ojú bọ́ọ̀lù tiwa wo iye yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa san, ìdí nìyí tí ẹlòmíì fi lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kó máa gba owó rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní NFL, ẹgbẹ́ lè lé ọ, kí èyí tó kù nínú owó náà sì di àlá. Iye tí wọ́n bá kọ pé ó dájú nìkan ni kí ẹ máa wò: mílíọ̀nù 110 fún Jefferson, 112 fún Chase. Ejẹ́ńtì lè mú tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ lè mú tó ìdá 37 nínú apá òkè owó náà, lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ tí o ń gbé àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí o ti lọ gbá bọ́ọ̀lù á tún nawọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn sọ pé iye ọdún tí agbábọ́ọ̀lù NFL ń lò kò ju bíi 3.3 lọ tí a bá pín in dọ́gba. Ìwé àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti ọdún mẹ́rin. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀pọ̀ kì í fojú kan àdéhùn kejì rárá, owó Chase tí ọmọ yín ń kà fún yín nídìí tábìlì kò sì kàn wọ́n.

Báwo wá ni àwọn tí kì í ṣe Chase ṣe ń pẹ́? Nípa wíwúlò níbi tí àwọn mìíràn kò fẹ́ lọ ni. New England Patriots mú Matthew Slater lọ́dún 2008 gẹ́gẹ́ bíi wide receiver. Ó gbá sáà 16 fún wọn, bọ́ọ̀lù tó hán nínú ìdíje lígì ní gbogbo ìgbà yẹn kò ju ẹyọ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù lọ sókè sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kejì, òun ló ń sáré lọ dá ẹni tó gbé e wólẹ̀. Ó lọ sí Pro Bowl, ibi tí wọ́n ń yan àwọn tó dára jù nínú lígì sí, nígbà mẹ́wàá, ó gba Super Bowl, ìdíje àṣekágbá lígì, mẹ́ta. Àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí. Àwọn ìyá wọn fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹni tí èmi fúnra mi ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ ni ọmọ wa Olamide Zaccheaus, tó dàgbà ní ìhà Philadelphia. Kò ga, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Yunifásítì Virginia, ìpele méje sì kọjá lórí rẹ̀ lọ́dún 2019 láìsí ẹgbẹ́ tó pe orúkọ rẹ̀. Atlanta Falcons gbà á wọlé lẹ́yìn ìpín. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó hán nínú NFL, touchdown yáàdì 93 ló jẹ́, lójú Carolina Panthers. Èèyàn á rò pé ó ti débẹ̀. Rárá o. Sáà mẹ́rin ló lò ní Atlanta; lẹ́yìn náà ló wà ní Philadelphia lọ́dún 2023, Washington lọ́dún 2024, Chicago lọ́dún 2025. Lọ́dọọdún ìwé tuntun, ilé tuntun, quarterback tuntun tó gbọ́dọ̀ kọ́ bí ó ṣe ń ronú. Washington yẹn náà ló ti gba touchdown méjì wọlé lára Eagles, ẹgbẹ́ Philadelphia tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ nípa irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti lò ju ìlọ́po méjì ọdún 3.3 yẹn lọ.

Nelson Agholor, tí wọ́n bí ní Èkó kí wọ́n tó gbé e lọ sí Tampa, fi apá mìíràn hàn wá. Ipò 20 ni Eagles ti mú un lọ́dún 2015, ó sì ń jábọ́ lọ́dún méjì àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará Philadelphia kò sì mọ bí a ṣe ń rọra bú ènìyàn. Lọ́dún 2017, wọ́n sún un kúrò létí pápá sí ipò tó sún mọ́ àárín, tí a ń pè ní slot. Touchdown mẹ́jọ ló gbà ní sáà yẹn, ó sì hán bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án nínú Super Bowl tí wọ́n fi na Patriots. Nǹkan tún bà jẹ́ lẹ́yìn náà, ó lọ sí Las Vegas lọ́dún 2020 pẹ̀lú ìwé ọdún kan lówó pọ́ọ́kú, ó kó yáàdì 896 jọ níbẹ̀, Patriots tó nà sì wá fún un ní mílíọ̀nù 22 fún ọdún méjì. Ó lè jẹ́ pé ibi tí wọ́n gbé ọmọ sí ni kò bá a mu.

Ara ni ìṣòro tó kù. Iṣan ẹ̀yìn itan ni ó ń dà wọ́n láàmú jù, orúnkún ló burú jù: Odell Beckham Jr. fara pa ní orúnkún nínú Super Bowl oṣù Èrèlé 2022, kò sì fojú kan pápá ní gbogbo sáà tó tẹ̀lé e. Calvin Johnson, tó kó yáàdì 1,964 jọ ní sáà 2012, jọ̀wọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn sáà 2015 ní ẹni ọgbọ̀n ọdún nítorí ara ti sú u. Ti orí ni n kì í fi ṣeré. Vincent Jackson àti Demaryius Thomas, wide receiver ńlá méjèèjì, kú lọ́dún 2021, ọ̀kan ní ẹni ọdún 38, èkejì ní 33, àwọn oníṣègùn sì rí àrùn ọpọlọ CTE, èyí tí kíkọlu orí léraléra ń fà, nínú orí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ikú wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún òbí pé kí ọmọ tí kò tíì wọ girama máa gbá flag football, èyí tí wọ́n ń já aṣọ ìbàdí dípò kí wọ́n máa kọlu ara wọn. Bí a ṣe ń yà àti bí a ṣe ń hán bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló ti lè kọ́ gbogbo rẹ̀.

Láti oṣù Agẹmọ 2021, ọmọ yunifásítì ti lè gba owó lórí orúkọ rẹ̀, nítorí náà àwọn kóòṣì tó máa wá kí yín nílé báyìí máa ń mú ọ̀rọ̀ owó dání. Ẹ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n ní tiyín. Ta ló ń kọ́ àwọn wide receiver níbẹ̀, ṣé ó sì máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Wide receiver mélòó ni wọ́n ti ní nílẹ̀ tí kò tíì kúrò? Bí orúnkún bá yẹ̀, ta ló ń san owó ilé-ìwé títí ọmọ á fi gba oyè? Kó dáhùn gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbé iyán kalẹ̀.