Bí ibà Lassa ṣe gba orúkọ ìlú kan ní Borno

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi ta gàrí àti èlùbọ́ ní Jos. Bí eku bá lu àpò nígun, tí a tú u, tí a bá ìgbẹ́ dúdú wínníwínní nínú rẹ̀, iṣẹ́ àwa ọmọ ni láti ṣà á. A ó da gàrí sórí àtẹ, a ó máa fi ìka mú ìgbẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, màámi á fẹ́ ẹ, a ó sì dà á padà sínú àpò. Oníbàárà tó bá kàn, a ó wọn mudu tirẹ̀ fún un. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó rò pé ohun tí à ń ṣe lè pa èèyàn. Ìgbẹ́ ni ojú wa rí. Ìtọ̀ tó ti gbẹ mọ́ gàrí kò ṣeé ṣà.

Ìlú Jos yìí náà ni ìtàn ibà Lassa ti gbilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìlú mìíràn ló ń jẹ́. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà tí mo kó wá sí Àbújá.

Lassa wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Askira/Uba ní ìpínlẹ̀ Borno, lágbègbè àwọn Margi. Àwọn míṣọ́nárì ní ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Laura Wine, dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn ún, ó di ọ̀nà ọ̀fun. Oògùn tí wọ́n fún un kò ràn án. Egbò bo ọ̀fun rẹ̀ débi pé omi lásán kò ṣeé gbé mì mọ́. Wọ́n fi bàálù gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́jọ́ 26 oṣù náà.

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ní Jos ni Charlotte Shaw. Shaw fi aṣọ ìnu-egbò wé ìka rẹ̀ láti nu ẹnu aláìsàn náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gún òdòdó ti ha á níka yẹn ṣáájú. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Ta ni ìbá dá a lẹ́bi? Èwo nínú wa ni kò tíì fi ọwọ́ lásán nu ẹnu ìyá tàbí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn? Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ibà gbé òun náà dè, ó sì kú ní oṣù Kejì. Nọ́ọ̀sì mìíràn, Lily Pinneo, tọ́jú Shaw, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí òkú rẹ̀ láti wo ohun tó pa á. Òun ló kàn. Wọ́n gbé e lọ sí New York, ó rù kan eegun, ṣùgbọ́n kò kú.

Ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta yìí ni wọ́n kó lọ sí yàrá àyẹ̀wò ní Yunifásítì Yale, níbi tí Jordi Casals àti Sonja Buckley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí kòkòrò tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Ibà náà mú Casals fúnra rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ara rẹ̀ ti borí àrùn náà, ni wọ́n fà sí i lára, ó sì yè. Òṣìṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, Juan Roman, tí kì í ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò yìí rárá, kó o, ó sì kú. Ni Yale bá dáwọ́ iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró.

Orúkọ ìlú tí aláìsàn àkọ́kọ́ ti wá ni wọ́n fún kòkòrò náà. Àánú àwọn ará Lassa máa ń ṣe mí. Ẹni tí kò mọ Borno lójú máapù mọ orúkọ ìlú wọn, ó sì mọ̀ ọ́n sí ikú. Bẹ́ẹ̀ Lassa kọ́ ni àrùn yìí ti ṣẹ̀. Àwọn tó yẹ àbùdá kòkòrò náà wò gbà pé ó ti wà nílẹ̀ tí à ń pè ní Nàìjíríà lónìí láti ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Ó ti ń pa àwọn baba ńlá ẹnì kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Lassa kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ti kíyè sí i ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Púpọ̀ nínú àwọn tó kó o, inú wọ́ọ̀dù kan náà ni wọ́n ti kó o. Dókítà Jeanette Troup, tó ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún tó ṣáájú, ń ṣàyẹ̀wò òkú ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ọ̀bẹ fi gé e lọ́wọ́. Ó kú ní oṣù Kejì ọdún náà.

Ẹ wo bí ó ṣe rìn: ìka tó ha, ọ̀bẹ tó gé ọwọ́, wọ́ọ̀dù kan. Jíjókòó ti aláìsàn tàbí kíkí i kọ́ ló ń gbé ibà Lassa kiri bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, itọ́ rẹ̀, èébì rẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bó bá ń ti ara èèyàn dé ara èèyàn, àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló máa ń mú jù. Nígbà mìíràn, kòkòrò náà ṣì máa ń wà nínú ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ti yá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Láti ọjọ́ tó bá wọ ara èèyàn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó fara hàn, bí ẹni tó ní ibà lásán. Nínú ẹni mẹ́wàá tó kó o, nǹkan bíi mẹ́jọ kì í ṣàìsàn tó le. Àwọn yòókù ló ń bá a jìjàdù, ó sì ń di etí àwọn mìíràn tó bá yè.

Ṣùgbọ́n níbo ni Laura Wine ti rí i? Ọdún 1972 ni ìdáhùn dé, láti Sierra Leone, níbi tí àwọn olùwádìí ti rí kòkòrò náà lára eku kan tí ọmú rẹ̀ lè tó 24, tó ń bímọ bí ẹdá. Àìsàn kì í ṣe eku yìí. Á kó kòkòrò náà, á sì máa fi ìtọ̀ àti ìgbẹ́ tú u jáde. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iná jó igbó, tí oúnjẹ tán lóko, ilé ló ń sá wá, sídìí àpò. Ẹni tó jẹ oúnjẹ tó tọ̀ sí, ẹni tó gbálẹ̀ tó fa eruku rẹ̀ símú, ẹni tó pa eku náà jẹ, gbogbo wọn wà lójú ọ̀nà. Ìdí rèé tí àjọ tó ń rí sí ìdènà àjàkálẹ̀ àrùn lórílẹ̀-èdè yìí, NCDC, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà níbí ní Àbújá, fi máa ń pariwo lákòókò ọyẹ́ ju àkókò òjò lọ. Ondó tiwa náà kò yọ nínú rẹ̀: Ọ̀wọ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó kó o jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí obìnrin ilé kejì wa ní Kubwa tó sá èlùbọ́ sórí tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó sùn, èlùbọ́ náà sì sùn síta mọ́jú. Mo bá a sọ̀rọ̀ nípa ike onídèérí. Ó dúpẹ́, ó ní èlò ike ti wọ́n jù. Òótọ́ ló sọ.

Mo pe màámi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti Lassa dé orí àtẹ wa. Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé. Wọ́n wá ní, "Àwọn tí a wọ̀n ọ́n fún ńkọ́?"