LFP: owó ìjọba Amẹ́ríkà fún ọlọ́sìn tí ọ̀dá pa koríko rẹ̀

LFP (Livestock Forage Disaster Program) ni owó tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń san fún àwọn tó ń sin màlúù, àgùntàn tàbí ewúrẹ́ nígbà tí ọ̀dá bá pa koríko tó yẹ kí ẹran jẹ. Kì í ṣe ẹ̀yáwó, kò sì jọ ìbánigbófò téèyàn ń dáwó sí ṣáájú. Òfin ètò ọ̀gbìn ọdún 2014 ló sọ ọ́ di ètò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọ́fíìsì Farm Service Agency (FSA), ẹ̀ka iléeṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, tó wà ní káúńtì ni wọ́n ti ń tọrọ rẹ̀. Káúńtì sún mọ́ ohun tí à ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀.

Máàpù ló ń pinnu bóyá ọ̀dá dé. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni máàpù US Drought Monitor máa ń jáde, ó sì máa ń fi àmì lé ilẹ̀ láti D0 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ títí dé D4 tó le jù. Bí D3 bá kan ibikíbi nínú káúńtì lásìkò ìjẹko, owó oṣù 3 ti yẹ. Bó bá lo ọ̀sẹ̀ 4, tàbí tí D4 bá yọjú, ó di oṣù 4. D4 tó bá lo ọ̀sẹ̀ 4 ń mú owó oṣù 5 wá. Ti D2 ló ń pẹ́: tẹ́lẹ̀, àfi kó pé ọ̀sẹ̀ 8 léraléra kó tó mú owó oṣù kan wá, òfin ọdún 2025 ti dín in kù sí 4.

"Ibikíbi" yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Káúńtì Cherry ní Nebraska, ilẹ̀ òkìtì iyanrìn tí koríko bò, tóbi ju odindi ìpínlẹ̀ Connecticut lọ. Bí àwọ̀ pupa D3 bá kan igun kan ṣoṣo níbẹ̀, gbogbo káúńtì ló wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé koríko tòun náà bàjẹ́. Ẹni tí pápá rẹ̀ gbẹ kanrangandan ní káúńtì kejì tí àwọ̀ náà ò dé kò ní gba kọ́bọ̀. Èyí dunni, torí òjò ò mọ ààlà káúńtì.

Tó bá kan iye owó, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀, èyí tó kéré ni wọ́n ń mú: owó oúnjẹ oṣù kan fún gbogbo ẹran yín, tàbí ti iye ẹran tí ilẹ̀ yín lè bọ́. Ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ni owó oṣù kan. Ká ní dọ́là 50 ni ti màlúù kan (àpẹẹrẹ lásán ni, iye náà ń yí lọ́dọọdún). Màlúù 100 jẹ́ 5,000. Bí ilẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀ ò bá lè bọ́ ju 80 lọ, 4,000 ni wọ́n á lò. Ìdá 60 rẹ̀ jẹ́ 2,400, ti oṣù 3 á sì jẹ́ 7,200. Ẹnì kan ò lè gbà ju 125,000 lọ lọ́dún.

Ilẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀ ló gé owó yẹn kù, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Pápá tẹ́ ò bá kọ sínú fọ́ọ̀mù FSA-578 ò sí lójú ìjọba. Ẹni tó háyà ilẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò lórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ń dá ara rẹ̀ lóró: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí iye éékà àti ọjọ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ẹran náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín láàárín 60 ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọ̀dá náà bẹ̀rẹ̀ sí kà. Èyí tó jẹ́ pé inú ọgbà ni wọ́n ti ń bọ́ ọ sanra kì í bá wọn kà. Ẹ má sì ju rìsíìtì ẹran tí ọ̀dá mú yín tà lọ́dún kan tàbí méjì sẹ́yìn nù. Ìdá 80 nínú 100 owó tó yẹ ẹran tó ṣì wà nílẹ̀ ni wọ́n ń san lórí irú rẹ̀.