Ta ló pa òwe nínú "proverbial"?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo kà á nínú ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan pé ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń wá dà bí "the proverbial needle in a haystack". Mo mọ̀ pé òwe ni "proverb", àmọ́ n kò rí òwe kankan níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ àgbà wà níbẹ̀, wọn ò kàn là á yé yín ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi wíwá abẹ́rẹ́ nínú òkìtì koríko gbígbẹ júwe ohun tó ṣòroó rí. "Proverbial" ni òǹkọ̀wé fi ń sọ pé, abẹ́rẹ́ tí mò ń wí yìí, kì í ṣe ti aránṣọ o, èyí tí gbogbo wa ti mọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ni.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ kan ti di abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ẹni tó gbọ́ òwe á ti parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀: ó di ète. N kò ní í kéde pé òwe ni mò ń pa, àfi bí àgbà bá wà níjokòó, tí mo ní láti fi "tótó, ó ṣe bí òwe" tọrọ àyè.

Ìbéèrè: Ṣé ó dìgbà tí òwe bá wà kí wọ́n tó lò ó?

Ìdáhùn: Rárá. Tí wọ́n bá ní "his generosity is proverbial", ọwọ́ ọkùnrin náà ló là débi pé òun ni aráyé fi ń ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n tún lè lò ó fún ohun búburú: nínú Diutarónómì 28:37, ègún ni kí Ísírẹ́lì di òwe láàárín àwọn orílẹ̀-èdè.

Àwọn ará Bìrìtìkó tún máa ń fi bo ọ̀rọ̀ rírùn mọ́lẹ̀. Nínú "the proverbial hit the fan", tó túmọ̀ sí pé wàhálà ti bẹ́, ìgbẹ́ ni wọn ò fẹ́ dárúkọ.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe túmọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "abẹ́rẹ́ òwe". Ó ń dùn mí tí mo bá rí irú rẹ̀, nítorí kò sí Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá òwe tiwa tó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Bí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ gbẹrẹfu pé ohun náà ṣòroó rí. Ti ọlọ́wọ́ lílà yẹn rọrùn: "ìlawọ́ rẹ̀ ti di òwe lẹ́nu aráyé."