Àgbàwí fún Owó Ìjọba lórí Àìsàn Arán

Bí ìyá àgbà bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì tún ń wá agolo iyọ̀ kiri, àwọn ará ilé á ní ìyá ti ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹ̀gbin nínú, ó sì sàn ju kí wọ́n pe ìyá ní àjẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí a rò pé ogbó lásán ni. Àwọn oníṣègùn kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní dementia, tí a óò máa pè ní àìsàn arán níhìn-ín, jẹ́ àwọn àmì tí ó máa ń hàn nígbà tí àrùn bá ń ba ọpọlọ jẹ́. Àrùn Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn àrùn bẹ́ẹ̀. Níbi orúkọ yìí gan-an ni iṣẹ́ alágbàwí ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ṣòro kí ìjọba ya owó sọ́tọ̀ fún ohun tí gbogbo ènìyàn gbà pé ọjọ́ orí ló fà á.

Àgbàwí kì í ṣe ìkówójọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ àánú. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ìbáà ṣe aláìsàn, olùtọ́jú tàbí onímọ̀, lọ bá aṣòfin, kí wọ́n sì bèèrè iye owó kan pàtó fún iṣẹ́ kan pàtó. Amẹ́ríkà ni a ti lè rí i dáadáa. Ní oṣù January 2011, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tí ó ní kí ìjọba ṣe ètò orílẹ̀-èdè fún àrùn Alzheimer. Lọ́dún náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 450 dọ́là ni NIH, àjọ ìwádìí ìlera wọn, ń ná lórí rẹ̀. Lónìí, ó ti ju bílíọ̀nù 3 lọ lọ́dún.

Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀ ni ìwé tí wọ́n ń pè ní bypass budget. Tẹ́lẹ̀, iye tí àwọn onímọ̀ bá bèèrè ní láti kọjá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ètò ìlera, kí ó tún dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣírò owó fún Ààrẹ, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sì lè gé díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí aṣòfin kò fi ní mọ iye tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ ní tòótọ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014 yí èyí padà. Lọ́dọọdún, àwọn onímọ̀ NIH ń kọ iye tí wọ́n gbà pé ó yẹ, ìwé náà yóò sì dé iwájú aṣòfin láìsí ẹni tí ó gé e. Àrùn jẹjẹrẹ àti éèdì nìkan ni ó ti ní irú àǹfààní yìí ṣáájú. Kò di dandan kí aṣòfin fún wọn ní iye náà, àmọ́ kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Owó ìwádìí ni apá kìíní ohun tí alágbàwí ń bèèrè. Apá kejì ni ìlera aráàlú, èyí tí mo rò pé a ń fojú kéré jù. Òfin kan tí wọ́n fọwọ́ sí ní 31 December 2018 ń gba ọwọ́ CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dènà àrùn, fún àwọn ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lówó, kí wọ́n lè tètè mọ àìsàn náà, kí wọ́n sì ran olùtọ́jú lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti etí tí ó ń di wà lára ohun tí ń mú kí àìsàn arán tètè dé, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì wọ́n tó oògùn tuntun.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá tààrà. Láti 1992, owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò lọ sí ilé ìwé, ìbéèrè tí kò gba mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ni wọ́n lò, wọ́n sì tún ń bi mọ̀lẹ́bí léèrè bí bàbá tàbí ìyá ṣe ń ṣe nínú ilé. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé láàárín àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn náà ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, nígbà tí ó jẹ́ 3.24 ní Indianapolis. Láti Ìdíkàn ni apá kan èsì náà ti wá, àmọ́ Washington ni àwọn aṣòfin tí ó fọwọ́ sí owó rẹ̀ wà.