Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí ò wọ́n: bí wọ́n ṣe ń dán an wò kí wọ́n tó sanwó

Àgbàlagbà tí etí ẹ̀ ti ń lọ kì í sábà sọ pé òun ò gbọ́ràn mọ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ń sọ̀rọ̀ sínú jù". Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o, torí wọ́n ń gbọ́ ohùn, ọ̀rọ̀ inú ohùn yẹn ni ò yé wọn. Ká ní Màmá jókòó sí pálọ̀ ní Muṣin, ọmọ wọn wá sọ láti kíṣìnì pé "mo ti tà á", Màmá lè gbọ́ "mo ti kà á" tàbí "mo ti fà á". Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fáwẹ̀lì wọn ò yàtọ̀, t, k àti f nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Fáwẹ̀lì àti ohùn tó wà lórí ẹ̀ máa ń dún nísàlẹ̀, ibi tí etí àgbà ṣì lágbára. Àmọ́ s, f, t, àwọn tó tín-ín-rín bí atẹ́gùn lẹ́nu, òkè ni tiwọn, ibi tí s ti lágbára jù ga ju 3000 hertz lọ (hertz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó), òkè yẹn gan-an sì ni ọjọ́ orí kọ́kọ́ máa ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí igbe ò fi ṣèrànwọ́: téèyàn bá pariwo, fáwẹ̀lì ló ń pọ̀ sí i, t ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, Màmá á wá ní kí wọ́n má jágbe mọ́ òun.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn gidi wá nìyẹn. Maikirofóònù á gba ohùn, chip inú ẹ̀ á gbé àwọn tó tín-ín-rín sókè ju ìyókù lọ, á gbé ohùn kékeré sókè púpọ̀, á gbé ohùn ńlá díẹ̀ péré, sípíkà tóóńtó á wá dà á sétí. Èyí tí wọ́n kọ "sound amplifier" sí lára páálí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló kàn ń gbé gbogbo ẹ̀ sókè papọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ àti họ́ọ̀nù dánfó, etí tó kù díẹ̀ káàtó lè tún bà jẹ́ sí i. Ẹ ka páálí dáadáa kẹ́ ẹ tó na owó.

Ní Amẹ́ríkà, láti 17 October 2022 ni òfin ti fàyè gbà á kí wọ́n máa ta ẹ̀rọ yìí láìsí ìwé dókítà, fún ẹni tó ti pé ọdún 18 sókè, tí àìgbọ́ràn ẹ̀ ò tíì le jù. Ohùn tó ń jáde ò gbọdọ̀ kọjá 111 dẹ́síbẹ̀lì (ìwọ̀n bí ohùn ṣe pariwo tó), tàbí 117 fún èyí tó mọ bó ṣe ń dín ohùn ńlá kù fúnra ẹ̀. Kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ẹni tí etí ẹ̀ ń ṣọyún, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo dí, tàbí tó dí lójijì, tàbí tí òòyì ń kọ́, ẹ jọ̀ọ́, dókítà etí ló yẹ kó kọ́kọ́ rí, ẹ̀ka wọn wà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó. Nígbà míì ìdọ̀tí etí lásán ló dí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ parí.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí ibi tó dákẹ́ tàn yín jẹ. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn Màmá, kí wọ́n má bàa máa wo ẹnu, kó máa pe "tà, kà, fà, sà" ní ohùn jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa pè é tẹ̀lé e, lákọ̀ọ́kọ́ láìsí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ̀. Tó bá ṣe pé ó kàn pariwo sí i ni, tí tà ṣì ń di kà, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wá fún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mọ́ ọwọ́ létí wọn, kó dún ketekete láì jẹ́ kí wọ́n fa ojú ro. Ẹ bá wọn jáde sẹ́nu títì, níbi tí kọndọ́ ti ń pe Oshodi, kẹ́ ẹ tún pè é. Tó bá ń súfèé tí wọ́n bá ń jẹun, ohùn ń jò jáde padà sínú maikirofóònù nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ẹ̀ tó ń wọnú etí sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀.

Bátìrì ní nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe tóbi tó, àwọ̀ ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀: 10 ní àwọ̀ yẹ́lò, 312 búráùn, 13 ọsàn, 675 búlúù. Atẹ́gùn ló ń jí i, tẹ́ ẹ bá ti ṣí bébà ẹnu ẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò nìyẹn, tẹ́ ẹ tiẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Èyí tó ń gba ṣáájì ò jẹ iná púpọ̀, pawabáǹkì tó o. Òógùn Èkó ló burú fún un, torí náà lálẹ́ ẹ yọ bátìrì ẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ sínú ike onídèérí pẹ̀lú àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà yẹn, á fa omi ara ẹ̀.

Wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ nínú pálọ̀ tó níbẹ̀rẹ̀. Fáànù tí Màmá ò gbọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ á máa dún bíi jẹnẹrétọ̀ létí wọn, ohùn ara wọn gan-an á ṣàjèjì sí wọn, ọpọlọ ló máa tún kọ́ bó ṣe máa kọ etí ikún sí fáànù, ìyẹn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má tìtorí ẹ̀ dá a padà lọ́jọ́ kejì.