Ìṣe àtinúwá àti ìṣe àìtinúwá nínú ìmọ̀ ìwà rere àwọn Gíríìkì àtijọ́

Ìṣe àtinúwá ni èyí tó ti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é wá, tí olúwarẹ̀ sì mọ ohun tó ń ṣe. Ìṣe àìtinúwá ni èyí tí ipá tàbí àìmọ̀ fà. Nínú àwọn amòye Gíríìkì, Aristotle (384–322 ṣáájú ìbí Kristi) ló ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí kúnnákúnná jù lọ, nínú apá kẹta ìwé rẹ̀ Nicomachean Ethics. Ó ní ìṣe àtinúwá nìkan là ń torí rẹ̀ yin ènìyàn tàbí bá a wí. Ìdáríjì ló yẹ èyí tó kù, nígbà mìíràn àánú pàápàá.

Ilé ẹjọ́ ti ń wádìí ọ̀rọ̀ náà kí àwọn amòye tó dá sí i. Òfin ìpànìyàn tí Draco ṣe fún ìlú Áténì, ní nǹkan bí ọdún 621 ṣáájú ìbí Kristi, sọ pé kí ẹni tó ṣèèṣì pànìyàn fi ìlú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí olóògbé lè fohùn ṣọ̀kan láti dárí jì í. Lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ Areopagus ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn. Ilé ẹjọ́ Palladion ló ń gbọ́ ti ẹni tó ṣèèṣì. Antiphon, ará Áténì tó ń kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nílé ẹjọ́, gbé àríyànjiyàn kan kalẹ̀ lórí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ọ̀kọ̀, ọmọdé kan sáré kọjá, ọ̀kọ̀ bà á, ó kú. Bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó gbẹnu sọ fún un, ní ọmọ yẹn ló sá sójú ọ̀nà ọ̀kọ̀.

Socrates, amòye Áténì tó ṣáájú Aristotle, ní kò sẹ́ni tó ń dìídì ṣe ibi, nítorí ohun tí oníkálukú rò pé ó dára fún òun ló ń lé. Plato, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, di ọ̀rọ̀ yìí mú títí dé ìwé rẹ̀ Laws, níbi tó ti ní láti ya ìpalára sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà àìṣòdodo kí òfin ìlú lè bá a mu. Aristotle kò gbà: bí rere wa bá jẹ́ tiwa, ibi wa náà tiwa ni.

Ní ti ipá, ó ní ìṣe di àìtinúwá nígbà tí ohun tó fà á bá wà lóde, tí ẹni náà kò sì dá ohunkóhun kún un, bí ìgbà tí ìjì bá gbé ènìyàn lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú jù, tó sì ṣe pàtàkì jù, ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ti ènìyàn. Àwọn atukọ̀ da ẹrù sókun nínú ìjì kí ẹ̀mí wọn lè yọ. Aninilára kan mú òbí àti ọmọ ènìyàn, ó ní kí ó hùwà ìtìjú kí wọ́n má bàa kú. Aristotle pe irú èyí ní àdàlù, ṣùgbọ́n ó ní ó sún mọ́ àtinúwá jù, torí pé ní àkókò náà gan-an, ẹni yẹn ló yàn án. Àwọn ohun kan sì wà tó ní ikú yá ju kí ènìyàn ṣe wọ́n lọ. Ó ka àwáwí tí Alcmaeon ṣe nínú eré Euripides, pé ipá ni wọ́n fi mú òun, lẹ́yìn tó pa ìyá rẹ̀, sí ohun ẹ̀rín.

Kì í ṣe gbogbo àìmọ̀ ló ń yọni nínú ẹ̀bi. Merope, ìyá kan nínú eré Gíríìkì, fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ nítorí ó rò pé ọ̀tá ni: irú àìmọ̀ èyí ń yọni, bí àbámọ̀ bá tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò kábàámọ̀ wà ní ipò kẹta, kò sí nínú méjèèjì. Àìmọ ohun tó tọ́ kì í yọ ẹnikẹ́ni, ọtí náà kì í yọni: Aristotle tọ́ka sí òfin tó sọ ìyà ọ̀mùtí di ìlọ́po méjì, torí pé ó ní agbára láti má mutí yó. Ọmọdé àti ẹranko lè ṣe ìṣe àtinúwá, àmọ́ wọn kò ní ìpinnu tí ènìyàn ń ronú jinlẹ̀ kó tó ṣe.

Àwọn Stoiki, ẹgbẹ́ amòye kan tó dìde lẹ́yìn Aristotle, gbà pé àyànmọ́ ló ń darí ohun gbogbo. Síbẹ̀ Chrysippus, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, ní ẹni tó ti òpó róbótó ló mú kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ṣùgbọ́n ìrísí òpó náà ló ń mú un yí; bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣe ènìyàn ṣe ń ti inú ìwà rẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, Alexander ará Aphrodisias, tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Aristotle, ta kò wọ́n nínú ìwé tó kọ sí àwọn ọba Róòmù: ó ní bí ohun gbogbo bá ti wà ní kíkọ, asán ni gbogbo àròjinlẹ̀ tí à ń ṣe kí a tó hùwà.