Bí Owó Dáyálísíìsì Ṣe Bọ́ Sọ́rùn Ìjọba Amẹ́ríkà

Bí kíndìnrín ará Amẹ́ríkà kan bá daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, ì báà jẹ́ arúgbó, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ìjọba àpapọ̀ ló sábà máa ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó dáyálísíìsì rẹ̀, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá tíì pé ẹni ọdún 65, ọjọ́ orí tí ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà máa ń bẹ̀rẹ̀, òun àti ilé iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ni yóò sábà máa wojú ara wọn. Ìlú Seattle ni ìdí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ti wà ṣáájú. Willem Kolff, dókítà ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló ṣe é ní 1943 nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń di sọ́séèjì ló fi ṣe asẹ́ rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ so èèyàn mọ́ ọn, wọ́n á tún gé iṣan mìíràn. Kò pẹ́ tí iṣan á fi tán lára. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì lè jí padà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìkan ló wúlò fún. Ní 1960, Belding Scribner, dókítà ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi Teflon ṣe (ohun tí kì í jẹ́ kí ẹyin lẹ̀ mọ́ páànù) bọ iṣan apá aláìsàn, ó sì fi í síbẹ̀. Clyde Shields, òṣìṣẹ́ Boeing, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, lóṣù Kẹta. Ẹni tó ti ń kú lọ tún lo ọdún 11 láyé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ tó $10,000 lórí ẹnìkan lọ́dún, bẹ́ẹ̀dì kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ibùdó ìfọ̀jẹ̀ ìlú náà ṣí ní 1962, wọ́n kó èèyàn méje jọ, wọ́n fi orúkọ wọn pamọ́: lọ́yà, pásítọ̀, òṣìṣẹ́ báńkì, ìyàwó ilé, òṣìṣẹ́ ìjọba, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti dókítà oníṣẹ́ abẹ. Àwọn ló ń yan ẹni tí yóò yè. Wọ́n ń wo ọjọ́ orí, iye ọmọ, iṣẹ́, ohun ìní, títí kan bóyá èèyàn ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló pa ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ mọ́ ìtọ̀? Nígbà tí ìwé ìròyìn Life tú àṣírí wọn lóṣù Kọkànlá, orúkọ tó mọ́ wọn lára ni "ìgbìmọ̀ Ọlọ́run".

Ní ìlú ọba, níbi tí ìtọ́jú ti di ọ̀fẹ́ láti 1948, wọn kò gbé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rọ kò kárí níbẹ̀ náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọjọ́ orí aláìsàn bá ti lọ díẹ̀, dókítà àdúgbò lè rọra dákẹ́, kó má darí rẹ̀ síbi tí ẹ̀rọ wà.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1971, Shep Glazer, ẹni ọdún 43 tó ní ọmọ méjì, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ owó-orí ilé aṣojú-ṣòfin. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ lójú gbogbo wọn. Ó bi wọ́n bóyá kí òun kú ni, tàbí kí òun ta ilé. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, Sẹ́nétọ̀ Vance Hartke gbé àbá kalẹ̀ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa gbé owó náà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jíròrò, ẹni 52 fọwọ́ sí i, ẹni mẹ́ta kọ̀. Ààrẹ Nixon bu ọwọ́ lù ú lóṣù Kẹwàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 1973.

Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà náà. Wọ́n ti ju ìdajì mílíọ̀nù lọ báyìí. Àwọn kan nínú àwọn tó dìbò rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ètò ìlera fún gbogbo àrùn ni. Kò tíì dé. Ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba ń san, ẹni tí kò sì ní ìwé ìgbélùú kò sí nínú rẹ̀.

Nílé wa, ìjọba àpapọ̀ kéde ní 2025 pé òun ti já owó ìfọ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ọsibítù ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn wà lára wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é. ₦144,000 nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin; owó oṣù tó kéré jù lọ sì jẹ́ ₦70,000.